Ta Ló Jókòó Nídìí Ìlù? Ẹgbẹ́ Irakere ti Kúbà àti Àwọn Tó Wọ Inú Rẹ̀, Tí Wọ́n sì Jáde

Ọ̀nà kan wà tí àwọn òpìtàn orin sábà máa ń gbà sọ ìtàn Irakere, ẹgbẹ́ olórin jáàsì tí Chucho Valdés dá sílẹ̀ ní ìlú Havana ní ọdún 1973. Wọ́n á ní àwọn ọ̀jáfáfá ni wọ́n pilẹ̀ ẹgbẹ́ náà, wọ́n á ní ó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1980, wọ́n á ní Paquito D'Rivera tó ń fọn sáksófóònù sá kúrò ní Kúbà ní ọdún yẹn kan náà, pé Arturo Sandoval tó ń fọn tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àti pé láti ìgbà náà ni iná ẹgbẹ́ ti ń jó àjórẹ̀yìn. Ìtàn yìí kì í ṣe irọ́. Ìtàn àwọn afọnfèrè ni. Àwọn afọnfèrè méjèèjì yìí ló di gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà. D'Rivera kọ ìwé nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, wọ́n sì ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé Sandoval ní ọdún 2000. Abájọ tó fi jẹ́ pé ojú tiwọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ẹgbẹ́ náà.

Nínú bébà yìí, a fẹ́ gbé àga wa kúrò níwájú àwọn afọnfèrè, kí a lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn onílù. Láti ibẹ̀, ohun tí a rí yàtọ̀. Àyè afọnfèrè ṣófo lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún méjì, a sì rí ẹni dí i kíákíá. Ẹgbẹ́ náà ṣì lo ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́yìn náà, ó ń gbé àwo jáde, ó sì ń rìnrìn àjò káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ṣùgbọ́n àyè ẹni tó ń lu bàtá, tó sì tún ń lé orin Lukumí, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oscar Valdés ni ẹni náà. Èrò wa ni pé àyè yìí ni òpó tó gbé ilé ró, àti pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Irakere ṣe yí padà gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè, ní sáà kọ̀ọ̀kan, pé ta ló jókòó nídìí ìlù.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá nídìí iṣẹ́ wa pẹ̀lú. Nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, a máa ń dárúkọ Irakere gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé àṣà wa kò kú lókè òkun, a ó sì kọjá lọ. Ẹ̀rí tí a kò yẹ̀ wò kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni.

Orúkọ tí kò ní àmì ohùn

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dúró sí. Àlàyé tí Chucho Valdés àti àwọn tó ń kọ̀wé sẹ́yìn àwo orin wọn máa ń ṣe ni pé “irakere” jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, pé igbó kìjikìji tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ni ó túmọ̀ sí. Òǹkàwé Yorùbá yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé igbó, ẹgàn, ijù àti aginjù ni àwa ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa tí ìró rẹ̀ sún mọ́ ọn jù lọ ni ìrùkẹ̀rẹ̀, èyí tí ọba àti babaláwo máa ń mú dání. Kí a má ṣe tètè fò mọ́ ọn o. Èdè Lukumí ti ní orúkọ tirẹ̀ fún ìrùkẹ̀rẹ̀ Ọya. “Iruke” ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò sì sọnù lọ́wọ́ wọn. Ìjọra ìró nìkan kò tó láti fi pinnu orírun ọ̀rọ̀, pàápàá nínú èdè tí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti pòórá nínú rẹ̀.

Lójú tiwa, ohun tí a lè dì mú nínú orúkọ náà ni ìpinnu àwọn tó sọ ọ́. Ní ọdún 1973, àwọn ọ̀dọ́ olórin tó ti kàwé orin ní ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n mọ Mozart dáadáa, tí wọ́n sì ń fi etí sí rédíò Amẹ́ríkà ní kọ̀rọ̀, yan ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kà sí èdè àwọn baba ńlá tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí erékùṣù náà. Wọ́n kọ ọ́ sí ara pátákó ibi tí ìjọba ti ń gbé orin sí etí gbogbo ènìyàn. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ “jáàsì” sí i. A óò padà sí ìyẹn.

Bàtá kí ó tó pàdé gìtá

Bàtá kò ti inú ojúbọ fò bọ́ sórí ìtàgé ní ọjọ́ kan. Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé ará Kúbà, ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn àgbà onílù sọ fún un, pé ní nǹkan bí ọdún 1830 ni ọkùnrin méjì tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Yorùbá, Añabí àti Atandá, gbẹ́ ìlù bàtá àkọ́kọ́ tí a ṣe ètùtù fún ní Kúbà, tí wọ́n sì fi Àyàn sínú rẹ̀. Añá ni wọ́n ń pe Àyàn níbẹ̀. Ìlù mẹ́ta ni: iyá, itótele àti okónkolo. Onílù Ọ̀yọ́ tó bá gbọ́ orúkọ ìkẹyìn yìí yóò rántí kónkóló láìpẹ́. Ìyàtọ̀ wà ṣá. Ní ọ̀dọ̀ wa, oníbàtá máa ń dúró, ó máa ń gbé ìlù kọ́rùn, ó sì máa ń fi bílálà na ojú kékeré. Ní Kúbà, orí ìjókòó ni, ìlù á wà ní ìbú lórí itan, ọwọ́ méjèèjì á sì máa lù ú lójú méjèèjì. Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a bí sí ìdílé Àyàn ni a sábà máa ń pè ní àyàn. Ní Kúbà, ìbúra àti ètùtù ni wọ́n fi ń sọ ènìyàn di ọmọ Añá, ì báà jẹ́ ọmọ ẹni yòówù. Àyè onílù ti wà ńlẹ̀ kí ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ tó dé.

Ní ọdún 1936, Ortiz kó àwọn onílù tí Pablo Roche jẹ́ olórí wọn jáde síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ọlọ́lá Havana níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Ìlù tí a kò ṣe ètùtù fún ni wọ́n lò, kí ohun ojúbọ má baà di ohun ìran. Láti ọjọ́ náà ni irú ìlù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní aberikulá, ti ní àyè tirẹ̀ láwùjọ. Ní ọdún 1952, Bebo Valdés, tó ń tẹ píánò tó sì ń to orin ní Havana, gbé ijó tuntun kan jáde tó pe orúkọ rẹ̀ ní batanga, ó sì fi bàtá sí àárín ẹgbẹ́ olórin ńlá rẹ̀. Ijó náà kò pẹ́ nílẹ̀. Mambo bò ó mọ́lẹ̀. Bebo ni baba Chucho. Ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ní ọdún tí bàbá rẹ̀ dán an wò, kò sì lè jẹ́ pé etí rẹ̀ di sí i.

(Kí òǹkàwé má rò pé gbogbo Valdés inú ìtàn yìí ni ọmọ baba kan. Orúkọ náà pọ̀ rẹpẹtẹ ní Kúbà, nítorí pé láti ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ń fi orúkọ bíṣọ́ọ̀bù Valdés, tó dá ilé àwọn ọmọ tí a kò mọ òbí wọn sílẹ̀ ní Havana, sọ àwọn ọmọ ilé náà.)

Bebo kúrò ní Kúbà ní ọdún 1960, ọdún kan lẹ́yìn tí Fidel Castro gba ìjọba, ó sì wá fi ìlú Stockholm ṣe ibùgbé. Chucho dúró.

Ta ló bo ta?

Ní ọdún 1967, ìjọba kó àwọn olórin tó mọṣẹ́ jù lọ jọ sínú ẹgbẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Orquesta Cubana de Música Moderna. Ibẹ̀ ni Chucho, D'Rivera, Sandoval, Carlos Emilio Morales tó ń ta gìtá, Carlos del Puerto tó ń ta gìtá béèsì, Enrique Plá tó ń lu ìlù òyìnbó, àti Oscar Valdés ti mọwọ́ ara wọn. Ẹ wo orúkọ náà: orin “ìgbàlódé” ni wọ́n pè é. Jáàsì jẹ́ orin ọ̀tá lójú ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, nítorí pé Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Sandoval ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé wọ́n sọ òun sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ ológun, nítorí pé òun ń gbọ́ ètò jáàsì lórí rédíò Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn òrìṣà náà wà lábẹ́ ìfura. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ ẹ̀sìn kankan kò lè wọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso títí di ọdún 1991, ó sì di ọdún 1992 kí òfin ilẹ̀ náà tó yọ ọ̀rọ̀ tó sọ ìjọba di aláìgbà-Ọlọ́run-gbọ́ kúrò. Ohun tí ìjọba fi ọwọ́ sí ni “fólíkilọ̀”. Ní ọdún 1962 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ oníjó àdáyébá sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè náà, níbi tí a ti lè jó ijó Ṣàngó lórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí ohun ìní àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn mẹ̀kúnnù. Bàtá lórí ìtàgé kò ní láìfí. Bàtá nínú yàrá ẹnìkan ní òru, ìyẹn ni wọ́n ń bi ènìyàn léèrè sí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Àwọn kan gbà pé aṣọ ìbora ni ìlù jẹ́ fún Irakere: pé nítorí kí wọ́n lè rí àyè ta jáàsì ni wọ́n ṣe gbé bàtá, tumbadora àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ síwájú, kí ẹnu má baà kò wọ́n. Ẹ̀rí díẹ̀ wà fún èrò yìí. Orúkọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ wà lára rẹ̀. Àmọ́ bí a bá yí i padà, òótọ́ inú rẹ̀ kò dín kù. Jáàsì náà jẹ́ aṣọ ìbora fún ìlù. Orin òrìṣà tí a kọ lé orí gìtá iná mọ̀nàmọ́ná àti píánò kì í ṣe ìsìn mọ́ lójú ẹni tó ń ṣọ́ ìsìn, “ìgbàlódé” ni. Ohun méjì tí a fura sí fara pa mọ́ sínú ara wọn, wọ́n sì jọ jáde lọ́sàn-án gangan.

Iṣẹ́ tó fi èyí hàn jù lọ ni “Misa Negra”, ìyẹn ìsìn Máàsì àwọn aláwọ̀ dúdú. Chucho ti kọ ọ́ kí Irakere tó wà, ó sì ti gbé e lọ sí àjọ̀dún jáàsì ní Warsaw, ní ilẹ̀ Pólàǹdì, ní ọdún 1970 pẹ̀lú àwọn olórin mẹ́rin péré. Nígbà tí Irakere gbà á, ó di nǹkan mìíràn. Àdúrà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìdágbére ló parí rẹ̀, ó sì gba ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bí ayẹyẹ Lukumí ṣe ń lọ ni: ìlù á kọ́kọ́ kí àwọn òrìṣà níkọ̀ọ̀kan nínú igbódù láìsí orin, kí ohùn tó wọlé, kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lé orin, tí wọ́n ń pè ní akpwón, ni Oscar Valdés. Àwọn yòókù di elégbè, D'Rivera àti Sandoval pàápàá. Nínú irú ètò báyìí, fèrè kì í ṣe ọba. Ó máa ń wọlé nígbà tí a bá pè é, yóò sọ tirẹ̀, yóò sì fi àyè sílẹ̀.

Àwọn òyìnbó fi irú orin yìí wé ìyọ́pọ̀, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá yọ́ irin méjì di ọ̀kan. Kò jọ bẹ́ẹ̀ létí wa. Nínú àwọn àwo Irakere ìbẹ̀rẹ̀, a ṣì lè fi etí ya bàtá sọ́tọ̀, kí a ya gìtá béèsì sọ́tọ̀, kí a sì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ko ara wọn. Ibi ìtakora yẹn gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí a má ṣe sọ gbogbo rẹ̀ di ti Yorùbá. “Aguanile Bonkó”, ọ̀kan nínú àwọn orin wọn tó lókìkí, so ọ̀rọ̀ Lukumí mọ́ orúkọ ìlù àwọn Abakuá, ẹgbẹ́ awo tí àwọn ènìyàn Calabar àti agbègbè rẹ̀ gbé dé Kúbà. Ìlù Arará tó wá láti Dahomey wà níbẹ̀, ti Kóńgò wà níbẹ̀. Igbó tí wọ́n fi orúkọ wọn pè, igi oríṣiríṣi ló wà nínú rẹ̀.

Kì í sì ṣe orin àpéjọ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. “Bacalao con pan”, tó sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní ìbẹ̀rẹ̀, orin ijó ni, gbogbo ọ̀dọ́ Havana ló sì jó o.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí

Ní oṣù kárùn-ún ọdún 1977, ọkọ̀ ojú omi kan gbé Dizzy Gillespie, Stan Getz àti Earl Hines dé Havana. Àwọn àgbà jáàsì wọ̀nyí gbọ́ Irakere, ẹnu sì yà wọ́n. Ilé-iṣẹ́ àwo orin Columbia mú ẹgbẹ́ náà, ó sì gbé wọn lọ sí Amẹ́ríkà: ní oṣù kẹfà ọdún 1978, wọ́n ṣeré ní gbọ̀ngàn Carnegie ní New York nínú àjọ̀dún Newport, wọ́n sì lọ sí Montreux ní ilẹ̀ Switzerland ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Láti inú eré méjèèjì yìí ni wọ́n ti yọ àwo tó gba Grammy ní ọdún 1980. Ní New York ni Bebo ti wá pàdé ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún tí wọn kò fojú kan ara wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1979, Columbia gbé àwọn olórin tirẹ̀ wá sí Havana fún òru mẹ́ta, Weather Report wà lára wọn. Irakere sì ta orin lórí ìtàgé kan náà pẹ̀lú wọn.

Ilẹ̀kùn tó ṣí fún ẹni tó ń bọ̀, ó ṣí fún ẹni tó ń lọ pẹ̀lú. Ní ọdún 1980, nígbà tí nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́fà ó lé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn ń gba èbúté Mariel sá lọ sí Florida, Paquito D'Rivera yọ́ kúrò lára ẹgbẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Madrid, kò sì padà. Ìdílé rẹ̀ há sí Kúbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1981, Sandoval náà lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò ní Kúbà títí di ọdún 1990. A kò gbọ́dọ̀ pa ìjáde méjèèjì pọ̀ bí àwọn kan ṣe máa ń pa á pọ̀. Ìjáde D'Rivera jẹ́ ti òṣèlú. Ti Sandoval nígbà yẹn jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ tó gba ìyọ̀ǹda, tó fẹ́ dá dúró. Ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín bí ó ṣe kúrò nínú ẹgbẹ́ àti bí ó ṣe kúrò ní ìlú.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní pátákó

Kí ni ẹgbẹ́ náà ṣe? Ó pe ẹlòmíràn. Germán Velazco gba sáksófóònù. José Luis Cortés, tí wọ́n ń pè ní El Tosco, wá láti ẹgbẹ́ Los Van Van pẹ̀lú fèrè rẹ̀. Nígbà tó yá, Orlando Valle, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Maraca, dé. César López dé. Ohun tó mú kí èyí rọrùn ni pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ orin tí ìjọba dá sílẹ̀ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní fèrè lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà, àwọn tó sì mọ̀wé orin tó láti ka ohun tí Chucho kọ kò wọ́n. Owó oṣù ìjọba ni wọ́n ń gbà. Àtiwọlé àti àtijáde kò jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo.

Ní ọdún 1988, El Tosco kó nínú àwọn afọnfèrè náà jáde láti dá NG La Banda sílẹ̀. Láti inú ẹgbẹ́ náà ni orin timba ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó gba gbogbo agbo ijó Kúbà ní ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Maraca kúrò, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀. López náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá kà á bí òpìtàn àwọn afọnfèrè ṣe ń kà á, àdánù lórí àdánù ni. Lójú tiwa, ilé-ẹ̀kọ́ ni: ẹni tó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde yẹ kó lọ ṣí ìsọ̀ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bí ẹgbẹ́ mìíràn ni a bá máa káàánú.

Ó yẹ kí a dárúkọ àwọn tí kò lọ, nítorí pé ìtàn kì í sábà rántí wọn. Carlos Emilio Morales jókòó ti gìtá rẹ̀ láti ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí irun rẹ̀ fi funfun. Ó kú ní ọdún 2014. Enrique Plá pẹ́ nídìí ìlù òyìnbó. Àwọn wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí ẹni tuntun tó wọlé ṣìnà.

Àga onílù

Nídìí tumbadora, ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbajúmọ̀ ni Jorge Alfonso, tí wọ́n ń pè ní El Niño. Ó kú ní ọdún 1987. Ikú yìí dun ẹgbẹ́ ju bí àwọn ìwé ṣe sọ ọ́ lọ, nítorí pé láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti ohùn Oscar Valdés ni ohun tí a ń pè ní Irakere ti ń dún. Ẹni tí wọ́n pè síbẹ̀ ni Miguel Díaz, ọmọ ìgbèríko Pinar del Río, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Angá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ó sì to tumbadora márùn-ún síwájú ara rẹ̀, ó ń fi wọ́n kọ orin bí ẹni tó ń tẹ píánò.

Ìyípadà tó dé bá ẹgbẹ́ níbí jinlẹ̀ ju èyí tí ìjáde D'Rivera mú wá. Nígbà El Niño, àwọn onílù jọ ń hun aṣọ kan ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òwú tirẹ̀. Angá mú kí onílù kan dá dúró bí afọnfèrè, kí ó gba àyè, kí ó sọ̀rọ̀ gígùn, kí àwọn olùgbọ́ sì pàtẹ́wọ́ fún òun nìkan. Ẹni tó bá gbọ́ àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ilé ìgbafẹ́ Ronnie Scott ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré léraléra láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1990, yóò gbọ́ ọ. Ó dùn púpọ̀. Ó tún jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọgbọ́n jáàsì, tó fi ẹnì kan síwájú agbo, wọ inú ìlù lọ ní tòótọ́, dípò kí ìlù máa pàṣẹ fún jáàsì. Bóyá ibẹ̀ gan-an ni irin méjèèjì ti wá yọ́ pọ̀.

Ọdún 1990 sí 1995 le koko fún Kúbà lẹ́yìn tí ìjọba Sófíẹ̀tì wó. Angá kúrò ní àárín ẹ̀wádún náà, ó sì lọ gbé ní ilẹ̀ Yúróòpù. Oscar Valdés náà bọ́ sí ẹgbẹ́ tirẹ̀, Diákara. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, Chucho fúnra rẹ̀ fi àga píánò sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, Chuchito, ó sì dojú kọ ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin tirẹ̀. Orúkọ Irakere ṣì wà fún ìgbà díẹ̀, àwọn afọnfèrè dáńgájíá ṣì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ Oscar kò sí níbẹ̀ láti lé orin. Lójú tiwa, ìyẹn ni òpin sáà náà, kì í ṣe ọdún 1980.

Ẹ̀rí tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí Chucho tún gbé orúkọ náà dìde ní ọdún 2015 láti fi ṣe ìrántí ogójì ọdún ẹgbẹ́ náà, kò pe ẹnikẹ́ni nínú àwọn afọnfèrè ìgbà ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ ló kún orí ìtàgé. Àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Marciac, ní ilẹ̀ Faransé, gba Grammy ní ọdún 2017. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó wà nídìí bàtá: Dreiser Durruthy Bombalé ni, ó ń lu bàtá, ó sì tún ń lé orin Lukumí, iṣẹ́ méjèèjì tí Oscar Valdés ń ṣe pọ̀. Chucho lè fi afọnfèrè tuntun rọ́pò ti àtijọ́ láìbìkítà ẹni tó jọ ẹni. Àyè yẹn nìkan ni kò yí ìrísí rẹ̀ padà. Ó yọrí sí ohun tí a ti sọ ṣáájú nípa ọmọ Añá: àga ti wà ńlẹ̀, ènìyàn ló ń wá bá a.

Ní ti Angá, ó ṣe àwo kan jáde ní ọdún 2005, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Echu Mingua, orúkọ Èṣù tó ń bọ. Ó kú ní ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 2006, ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó ní ìbejì obìnrin, Lisa-Kaindé àti Naomi, tí wọ́n bí ní Paris ní ọdún 1994. Nígbà tí bàbá wọn kú, Naomi lọ jókòó sórí cajón, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Àwọn méjèèjì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ibeyi, àwo wọn àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 2015, ọdún tí Chucho ń ṣeré ní Marciac. Èdè Lukumí wà nínú orin wọn, wọ́n ń kí Ẹlẹ́gbára, wọ́n ń kí Ọ̀ṣun. Kò sí tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ náà, kò sí sáksófóònù tó ń pàṣẹ. Ohùn méjì ni, àti píánò, àti bàtá. Àṣà Lukumí kò gba obìnrin láyè láti fọwọ́ kan bàtá tí Añá wà nínú rẹ̀. Lórí ìtàgé tiwọn, aberikulá ni, Naomi ló sì gbé e lé itan.